Ta Ló Sọ Gúúsù Ifẹ̀ Di Ìgboro?

Nọ́ńbà kékeré kan ti ń dà mí láàmú láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá. Nọ́ńbà náà ni 7. Ẹ kó ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ jọ: mẹ́rin ti Ifẹ̀, méjì ti Iléṣà, méjì ti Atákúnmọ́sà. Ẹ ro iye èèyàn tí wọ́n kà níbẹ̀ lọ́dún 2006 pọ̀, ó kù fẹ́ẹ́rẹ́ kó pé mílíọ̀nù kan. Ẹ wá gbé òdiwọ̀n tí OECD, àjọ ọrọ̀-ajé tó kó ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó lọ́rọ̀ jọ, fi ń mọ ìgboro yàtọ̀ sí ìgbèríko lé e lórí. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, 7 péré ló já sí ará oko. Àwọn 93 tó kù, ìwé ní ìgboro ni wọ́n ń gbé.

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Oǹdó jáde ní Ilé-Ifẹ̀, tó kọjá Ọlọ́dẹ, tó ń lọ sí Ifẹ̀tẹ̀dó, yóò kọ háà. Kòkó lọ́tùn-ún, kòkó lósì, ọ̀pẹ láàárín, abà kan níbí, abà kan lọ́hùn-ún. Ìgboro ta nìyẹn? Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó purọ́ nínú ìṣirò náà. Iye èèyàn pé, ìwọ̀n ilẹ̀ pé, pínpín náà pé. Bí òótọ́ méjì ṣe gbéra wọn níyàwó tí wọ́n fi bí irọ́ kan ni mo fẹ́ ká tú palẹ̀ lónìí.

## Ọ̀bẹ tí wọ́n fi gé e

Òfin OECD kò le. Wọ́n á mú ẹ̀ka ìjọba tó kéré jù lọ, wọ́n á fi ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀ pín iye èèyàn inú rẹ̀. Bí ohun tó jáde kò bá tó èèyàn 150 lórí ilẹ̀ tó jẹ́ kìlómítà kan níbùú, kìlómítà kan lóòró, ìgbèríko ni ẹ̀ka yẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bọ́ sí agbègbè ńlá tó kó àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí sínú. Bí àwọn tó ń gbé ní ẹ̀ka ìgbèríko kò bá tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, agbègbè ìgboro ni. Láti 15 dé 50, agbedeméjì. Bó bá ti kọjá 50, agbègbè ìgbèríko ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ti wa sí i. Gúúsù Ifẹ̀ ní bí èèyàn 135,000 lórí ilẹ̀ tó gba bíi 730 irú kìlómítà níbùú-lóòró bẹ́ẹ̀, èyí fún wa ní èèyàn 185 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àríwá Ifẹ̀, tí Ìpetumodù jẹ́ olú rẹ̀, ní bí 154,000 lórí 889. 173 ló jáde. Ìlà-Oòrùn Atákúnmọ́sà, bí 76,000 lórí 238, ìyẹn 320. Ìwọ̀-Oòrùn Atákúnmọ́sà, tí Ọ̀ṣú jẹ́ olú rẹ̀, bí 69,000 lórí 577, 119. Àárín Gbùngbùn Ifẹ̀ àti Iléṣà méjèèjì wà ní nǹkan bí 1,500 sókè, Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ sì sún mọ́ 1,100.

Nínú gbogbo wọn, Ìwọ̀-Oòrùn Atákúnmọ́sà nìkan ni kò dé 150. Òun nìkan ló wá di oko. Èèyàn 35 lórí kìlómítà kan ló gba Gúúsù Ifẹ̀ lọ́wọ́ orúkọ yẹn, 23 ló gba Àríwá Ifẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tó ń fi òdiwọ̀n yìí ṣiṣẹ́ kì í sábà rántí sọ ni pé OECD fúnra rẹ̀ kò lo 150 fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Fún Jàpáànù àti Kòríà, 500 ni. Ìdí ni pé ilẹ̀ wọn kún: abúlé tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì níbẹ̀ lè kọjá 150 láìjẹ́ pé ó ní ojú títì kan tó ní orúkọ. Ilẹ̀ Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà kún bẹ́ẹ̀ náà. Ilẹ̀ igbó ni, òjò rẹ̀ pọ̀, oko kékeré lè bọ́ ìdílé kan, abà sì sún mọ́ abà. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ; àwọn tó wo ilé Jàpáànù kò tíì wo tiwa.

Bí a bá sún ọ̀bẹ náà sí 300, Gúúsù Ifẹ̀ àti Àríwá Ifẹ̀ á bọ́ sínú ìgbèríko, ìdá 7 á di 36, agbègbè wa á sì di agbedeméjì. Bí a bá sún un sí 500, Ìlà-Oòrùn Atákúnmọ́sà náà á wọlé, ó di 43. Ènìyàn kan ò kúrò níbì kankan, igi kòkó kan ò wó. Ẹni tó bá mú ọ̀bẹ dání ló mú ìdáhùn dání.

Ẹlòmíì á ní ká kúkú fi 300 tàbí 500 sílẹ̀ báyìí, kí ọ̀rọ̀ parí. Kò lè parí. Ọ̀bẹ kọ́ ló ṣẹ̀ jù, àwo tí ẹran wà nínú rẹ̀ ni. Ní ilẹ̀ Faransé, ẹ̀ka ìjọba tó kéré jù lọ kì í ju nǹkan bíi kìlómítà 15 lọ ní ìwọ̀n ilẹ̀, tí a bá pín in dọ́gba. Àríwá Ifẹ̀ nìkan gba irú rẹ̀ bí 59. Bí àwo bá tóbi tó bẹ́ẹ̀, ìlú àti oko á jọ wà nínú rẹ̀, ìṣirò á sì po wọ́n pọ̀ bí ẹni po gààrí. Òjò ló pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Ààlà ìjọba ìbílẹ̀ ló pa Òkè Ògbó, àdúgbò ìgboro ní Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀, pọ̀ mọ́ abà inú egàn.

## Ìgbà tí wọ́n ká ààlà náà kúrò nílẹ̀

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìṣirò ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ọ̀nà mìíràn tí gbogbo orílẹ̀-èdè lè fi wọn ìgboro. Àwọn àjọ tó gbé e kalẹ̀ pọ̀: Ìṣọ̀kan Yúróòpù, OECD, Báńkì Àgbáyé, FAO tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ILO tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, àti UN-Habitat tó ń rí sí ibùgbé. Ohun tó ṣe kókó nínú rẹ̀ ni pé wọn kò kọ́kọ́ wo ààlà ìjọba kankan. Wọ́n fa ilà sórí ilẹ̀ bí ìwé ìṣirò ọmọ iléèwé, àpótí kìlómítà kan sí kìlómítà kan, wọ́n sì bi àpótí kọ̀ọ̀kan léèrè pé, èèyàn mélòó ló wà nínú rẹ?

Àpótí tó bá ní èèyàn 1,500 sókè, tó sì fara kan ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ní irú iye bẹ́ẹ̀, wọ́n á dà pọ̀. Bí ìdìpọ̀ náà bá pé 50,000 èèyàn, àárín ìlú ńlá ni. Àpótí tó ní 300 sókè, tí ìdìpọ̀ wọn pé 5,000, ìlú kéékèèké àti etí ìlú ni. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ìgbèríko.

Ohun kékeré kan wà níbẹ̀ tó máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ fún ẹni tó bá ń ṣe é fúnra rẹ̀ lórí QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya àwòrán ilẹ̀. Ti àárín ìlú ńlá, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin péré ni àpótí fi lè kan ara wọn: òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì. Igun kò kà. Ti ìlú kéékèèké, igun kà, ẹ̀gbẹ́ mẹ́jọ ni. Ẹni tó bá fi mẹ́jọ ṣe méjèèjì lè rí i pé ìlú méjì tí oko pín níyà ti fi igun àpótí kan so mọ́ra, ó di ìlú ńlá kan lórí àwòrán. Ẹni tó sì fi mẹ́rin ṣe méjèèjì á gé àwọn ìlú ojú ọ̀nà wa jánkajànka, torí pé ojú ọ̀nà kì í tọ́ tààrà, ilé sì máa ń tẹ̀ lé ọ̀nà.

Ẹ wo Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ wàyí. Ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀ tó bí àpótí 172, iye èèyàn rẹ̀ lọ́dún 2006 tó bí 188,000. Iye inú àpótí kọ̀ọ̀kan tí mo fẹ́ lò yìí, àpẹẹrẹ lásán ni, kí ọ̀rọ̀ lè hàn. Ká ní àpótí 20 láti Mọdákẹ́kẹ́ dé Òkè Ògbó gba èèyàn 8,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 160,000. Ká ní àpótí 12 ní etí ìlú gba 1,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, 12,000. Ó ku 16,000 èèyàn fún àpótí 140. Èèyàn 114 ló kan àpótí kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ìjọba ìbílẹ̀ tó ń jẹ́ 1,100 lórí ìwé wá di mẹ́ta lójú ẹsẹ̀: 8,000 níbí, 1,000 níbẹ̀, 114 lọ́hùn-ún. Àwọn 114 yìí kò tilẹ̀ dé 150 tí OECD ń sọ. Oko ni wọ́n láti àná, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló ń yá wọn ní aṣọ. Ìlú ńlá ló kó wọn mọ́ra, wọ́n sì pòórá.

Àpótí wúlò fún Iléṣà náà, ṣùgbọ́n ní òdìkejì. Níbẹ̀, ààlà kò pa ìlú pọ̀ mọ́ oko, àárín ìlú ló là kọjá. Ìlà-Oòrùn Iléṣà ní bí 107,000, Ìwọ̀-Oòrùn ní bí 104,000. Òfin OECD àtijọ́ kan wà pé bí agbègbè ìgbèríko bá ní ìlú tó ju 200,000 lọ nínú rẹ̀, tí ìlú náà sì gba ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin èèyàn agbègbè yẹn, kí wọ́n gbé agbègbè náà sókè sí agbedeméjì. Ẹni tó bá ka Iléṣà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ní rí 200,000 láéláé. Ẹni tó bá so ó pọ̀ á rí bí 210,000. Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kó má ní ààlà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjà Atákúnmọ́sà tó wà ní Iléṣà kò mọ ìjọba ìbílẹ̀ tí òun wà, àwọn tó ń ná an kò sì mọ̀.

## Ẹ má tún kó o padà sínú àwo

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi àpótí ṣe iṣẹ́ tó dáa bẹ́ẹ̀, ìpele kejì òfin náà ní kí a padà sọ ìjọba ìbílẹ̀ lórúkọ. Bí ìdajì èèyàn rẹ̀ bá wà ní àárín ìlú ńlá, ìlú ńlá ni gbogbo rẹ̀. Bí ìdajì bá wà ní àpótí ìgbèríko, ìgbèríko ni gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ṣẹ́ kù wà láàárín.

Ẹ fi àpẹẹrẹ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ sí i. 160,000 nínú 188,000 jẹ́ ìdá 85. Ìlú ńlá! Àwọn 16,000 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí tún ti wọlẹ̀. Ìjọba kò kúkú lè pín owó fún àpótí, alága ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n mọ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù wà. Ìjọba ìbílẹ̀ kan ní bíi mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá, wọ́n sì kéré tó láti má po ẹyẹlé mọ́ adìẹ. Bí mo bá ní àṣẹ, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìgboro tàbí ìgbèríko pe ohun tó bá tóbi ju wọ́ọ̀dù lọ ní Ọ̀ṣun. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ààlà wọ́ọ̀dù lórí àwòrán kì í péye. Ẹ kọ́kọ́ bá àwọn tó mọ ibẹ̀ jókòó, kí ẹ tó gé àpótí sí wọn. Àpótí tó bá sì bọ́ sórí ààlà wọ́ọ̀dù méjì, òrùlé ni kí ẹ fi pín èèyàn rẹ̀. Ẹ má fi ilẹ̀ pín in, torí ìdajì ilẹ̀ yẹn lè jẹ́ kòkó lásán.

## Ta ló ka àpótí?

Kò sẹ́ni tó kà á. Ìkànìyàn tó kẹ́yìn tí a rí lò ni ti 2006. Èyí tí wọ́n ní àwọn máa ṣe ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Nítorí náà, iye tó wà nínú àpótí, ẹ̀rọ ló dá a. Àwọn tó ń ṣe àwòrán iye èèyàn yìí ni GHSL ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, WorldPop ti Yunifásítì Southampton àti GRID3; ọ̀nà tí kálukú ń gbà yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ wọn sún mọ́ra: iye èèyàn ibì kan, tí wọ́n fọ́n sórí ilé tí sátẹ́láìtì rí níbẹ̀. Ibi tí ilé bá pọ̀ sí ni èèyàn máa pọ̀ sí.

Ọgbọ́n náà dára, àfi kó wá dé inú oko kòkó. Abà inú egàn máa ń wà lábẹ́ ìbòòji, páànù rẹ̀ ti dípẹtà, àwọ̀ rẹ̀ sì ti bá ti ilẹ̀ pupa mu. Sátẹ́láìtì á kọjá lórí rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ilé adìẹ tó gùn bí ọ̀nà ọkọ̀ òfuurufú, páànù tuntun tó ń kọ mànà, á dá a lójú pé ìdílé mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Ibi ìlagi, ilé ìkẹ́rù, àgọ́ ìjọsìn tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lóṣù, gbogbo wọn ló ń gba èèyàn tí kò sí. Ní àárín Ilé-Ifẹ̀ gan-an, agbo ilé ńlá wà tó jẹ́ pé ìyá arúgbó méjì àti ọmọ-ọmọ kan ló kù níbẹ̀, àwọn yòókù ti wà ní Èkó. Òrùlé ibẹ̀ pọ̀. Yunifásítì wa náà ní tirẹ̀: bí wọ́n bá wọlé, ìlú kún, bí ìyanṣẹ́lódì bá dé, Lágere ní àárín Ilé-Ifẹ̀ á dá páropáro.

Bí a ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò kò gba owó púpọ̀. Ẹ mú àpótí 10 péré: mẹ́ta ní àárín ìlú, mẹ́ta ní etí ìlú, mẹ́rin nínú oko. Ẹ ṣí àwòrán tó mọ́ jù lọ, ti oṣù kìíní tàbí ìkejì, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí ìkùukùu kò sí lójú ọ̀run, ewé sì ti dín lórí igi. Ẹ ka òrùlé. Ẹ pe ẹni tó mọ abà náà, ẹ bi í pé ilé mélòó ló ní èèyàn, mélòó sì ni èèyàn máa ń sùn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lóṣù kọkànlá, ìgbà ìkórè kòkó. Bí iye yín bá fi ìlọ́po méjì yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ nínú àpótí oko mẹ́rin yẹn, ẹ jáwọ́ nínú nọ́ńbà ẹ̀rọ fún oko, kí ẹ lò ó fún ìlú nìkan.

Mo sọ pé oṣù kọkànlá nítorí ìkànìyàn 2006 wáyé ní oṣù kẹta, láti ọjọ́ 21 sí ọjọ́ 27, ibi tí wọ́n bá sì ti bá èèyàn ni wọ́n kà á sí. Àgbẹ̀ Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà kì í ní ilé kan. Ó ní ilé ní ìlú, ibi tí wọ́n bí baba rẹ̀ sí, ibi tí wọ́n máa sin òun náà sí. Ó sì ní ahéré lóko. Oko etílé, á lọ láàárọ̀ á bọ̀ nírọ̀lẹ́. Oko egàn, á pẹ́ lọ́sẹ̀ méjì, mẹ́ta. Bí wọ́n bá ti kéde ìkànìyàn, wọ́n á ránṣẹ́ sí i pé kó wá sílé kí wọ́n kà á mọ́ ìlú rẹ̀, kí ìlú má baà kéré. Ọjọ́ keje ó ti padà sídìí kòkó. Òdiwọ̀n tí a kó wọlé láti òkè òkun gbà pé ènìyàn kan, ibùgbé kan. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹnì kan náà lè jẹ́ ará ìgboro lọ́jọ́ Àìkú, kó jẹ́ ará oko lọ́jọ́ Ajé, kò sì ní rí ohun tó ṣàjèjì nínú rẹ̀.

## Ìṣẹ́jú ni ká kà

Pé ibì kan jẹ́ ìgbèríko kò ní kó jìnnà. Abà tó wà ní ojú ọ̀nà Iléṣà, tí bọ́ọ̀sì ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, àti abà tó wà ní òpin ọ̀nà oko, kì í ṣe ẹgbẹ́. OECD mọ èyí, wọ́n sì fi òdiwọ̀n kejì kún un: bí ìdajì èèyàn agbègbè ìgbèríko kan kò bá lè fi ọkọ̀ dé ìlú tó ní 50,000 èèyàn láàárín ìṣẹ́jú 60, agbègbè náà jìnnà. Ní Yúróòpù, ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n fi sí i.

Kìlómítà lójú ọ̀run ló kọ́kọ́ máa ń tan àwọn tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n á fa òbìrí kìlómítà 30 yí Ilé-Ifẹ̀ ká, wọ́n á ní gbogbo ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ ló sún mọ́ ìlú. Odò kò sí nínú òbìrí. Afárá tó já kò sí nínú òbìrí. Ẹ lo ọ̀nà gan-an, èyí tó wà lórí OpenStreetMap, àwòrán ilẹ̀ orí ayélujára tí ẹnikẹ́ni lè fi kún, kí ẹ sì kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀nà oko tí ẹ mọ̀ wà lórí rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ fà á síbẹ̀ fúnra yín.

Lẹ́yìn èyí ni eré ọkọ̀. Ẹ̀rọ tó ń ṣírò ìrìn-àjò, irú OSRM, máa ń gbà pé ọ̀nà ńlá gba nǹkan bí kìlómítà 85 ní wákàtí kan. Láti Ilé-Ifẹ̀ sí Iléṣà tó bí kìlómítà 30, ẹ̀rọ á ní ìṣẹ́jú 21. Ẹni tó bá mọ kòtò ọ̀nà yẹn á rẹ́rìn-ín. Bí ọkọ̀ bá ń rin 40, ìṣẹ́jú 45 ni. Ẹ wá mú ọ̀nà oko. Ká ní abà kan wà ní kìlómítà 22 sí ìlú, ilẹ̀ pupa lásán, kò sí ọ̀dà. Ẹ̀rọ tó bá fún un ní 40 á kọ ìṣẹ́jú 33, abà náà sì sún mọ́ ìlú. Ní oṣù kẹsàn-án, tí ọ̀nà di ẹrọ̀fọ̀, ọ̀kadà lè má rin ju 12 lọ. Ìṣẹ́jú 110 nìyẹn. Abà kan náà, ọ̀nà kan náà, ó jìnnà.

Ìdúró ní gáréèjì náà kò sí nínú ẹ̀rọ. OECD gbà pé kálukú ní mọ́tò tirẹ̀ tó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọkọ̀ kì í gbéra àfi tó bá kún. Ìrìn ìṣẹ́jú 35 lè ní ìdúró wákàtí kan nínú, àfi lọ́jọ́ ọjà. Ẹ fi ìdúró kún un, kí ẹ sì ya ọjọ́ ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára ọjọ́ lásán.

## Ọ̀nà kan ò wọ ọjà

Ìlú wo gan-an ni à ń wọn ìjìnnà sí? Ìlú kan ṣoṣo ni òfin 50,000 ń béèrè, èyí tó bá ti sún mọ́ jù. Lójú mi, ọgbọ́n Ọsirélíà dára ju èyí lọ. Òdiwọ̀n wọn tó ń jẹ́ ARIA+ pín ìlú sí ìpele márùn-ún: 250,000 sókè, 48,000 sókè, 18,000 sókè, 5,000 sókè, 1,000 sókè. Fún ibùdó kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wọn ọ̀nà dé ìlú tó sún mọ́ jù nínú ìpele kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ìpíndọ́gba gbogbo orílẹ̀-èdè fún ìpele yẹn pín in. Èyí tó bá ju 3 lọ, wọ́n á dá a dúró sí 3. Wọ́n á ro márààrún pọ̀. Òdo ni ẹni tó wà láàárín ìlú ńlá, 15 ni ẹni tó jìnnà jù lọ.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ torí bí àwa náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Iyọ̀ àti ìṣáná, Ifẹ̀tẹ̀dó tó. Aṣọ ìgbéyàwó, ó di ọjà Odò Ògbè ní Ifẹ̀ tàbí Ẹrẹ́jà ní Iléṣà. Iṣẹ́ abẹ, ó di ilé ìwòsàn ńlá ní Ifẹ̀ tàbí Wesley Guild ní Iléṣà. Mọ́tò, ó di Ìbàdàn. Abà tó wà lẹ́bàá Òkè-Igbó lè sún mọ́ iyọ̀ kó sì jìnnà sí iṣẹ́ abẹ, ARIA+ á rí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ má kó ìpíndọ́gba Ọsirélíà wá. Ilẹ̀ wọn gbòòrò, ìlú wọn jìnnà síra. Bí a bá fi tiwọn pín tiwa, gbogbo Ọ̀ṣun á sún mọ́ òdo, a ó sì tún padà sí ìdá 7 tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ìpíndọ́gba tiwa ni kí a ṣe, láti ojú ọ̀nà tiwa.

Ohun kan wà tí ARIA+ kò ní, tí àwa ní: ọjà tó ń rìn. Ọjà ọrún ń ná ní abúlé kan lónìí, ní ọjọ́ yẹn mọ́tò á wá láti ìlú, alárọ̀ọ́bọ̀ á wá, ẹni tó ń ra kòkó á wá pẹ̀lú òṣùwọ̀n rẹ̀. Ìlú ló rìn wá bá oko. Ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ dákẹ́. Nínú tábìlì yín, ẹ fi òpó mẹ́rin sí ibi ìṣẹ́jú: ẹ̀ẹ̀rùn ọjọ́ ọjà, ẹ̀ẹ̀rùn ọjọ́ lásán, òjò ọjọ́ ọjà, òjò ọjọ́ lásán. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tó yẹ kí nọ́ọ̀sì máa gbé, òpó kẹrin ni kó wò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí òun ti lè ra kòkó, èkíní tó o.

Bí ẹ kò bá rí ìṣẹ́jú gidi, ẹ béèrè owó ọ̀kadà. Ọlọ́kadà ti ṣírò gbogbo rẹ̀ fún yín tẹ́lẹ̀: gígùn ọ̀nà, ẹrọ̀fọ̀, epo, àti pé bóyá òun máa rí èrò padà wá. Ẹ mú abà kan tí ẹ mọ ìṣẹ́jú rẹ̀ dájú, ẹ fi owó rẹ̀ pín ìṣẹ́jú náà, ẹ sì fi ohun tó bá jáde sọ owó àwọn abà yòókù di ìṣẹ́jú. Ẹ béèrè ti ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ béèrè ti òjò. Àwọn abà kan á wà tí ọlọ́kadà á ní bí òjò bá ti rọ̀, kò sí iye tí wọ́n lè fún òun. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ yẹn. Ẹni tó ń tẹ iṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà sábà máa ń kọ òdo sí irú ojú yẹn, tàbí kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ka òfìfo sí òdo. Lójú ẹ̀rọ, òdo ni ìṣẹ́jú ẹni tó ń gbé ní àárín ìgboro gan-an, abà tó jìnnà jù lọ á sì bọ́ sí orí ìlà àkọ́kọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lágere. Ẹ kọ 999 síbẹ̀.